Kókó Ìdí Òwú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. Òwe yìí dùn ún gbọ́ létí, a sì máa ń pa á fún ọmọ tí ó bá ń tọ ipasẹ̀ baba rẹ̀, tàbí fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ, bóyá nítorí pé lójú àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ kì í dúró. Ó ń gba inú aṣọ kọjá ni. Bí ó bá sì ti kọjá tán, ó di inú aṣọ mìíràn. Òwú ni ó ń gbé inú aṣọ. Bí òwú yóò bá sì pẹ́ níbẹ̀, ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ dè é mọ́lẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó gún aṣọ lẹ́ẹ̀kíní. Ohun náà ni kókó tí a ń so sí ìdí òwú.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé àgbàlagbà jókòó, ó ń kọ ìwé lórí kókó òwú nígbà tí ọ̀ràn ńláńlá wà nílẹ̀ tí a kò tíì yanjú. Kí onítọ̀hún fara balẹ̀. Láti bí ọdún mélòó kan ni a ti ń pohùn réré ẹkún pé iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́, èyí tí àwọn baba wa fi ń ṣe ọrùn àti àyà agbádá lọ́ṣọ̀ọ́, ti ń kú lọ. A ní ẹ̀rọ ni ó pa á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń wọ aṣọ ni a ń pa á, àwọn tí ń rán an sì ń bá wa dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: a ti dẹ́kun sísan owó kókó.

Ní Akóbọ̀ tí mò ń gbé ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi. Ẹni tí ó bá mọ Akóbọ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn yóò rántí pé oko àti igbó pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Lónìí, láti Baṣọ̀run títí dé Ojúrin, ilé ń fara kan ilé, ṣọ́ọ̀bù ń fara kan ṣọ́ọ̀bù. Àwọn télọ̀ kò lóǹkà. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, a ó máa gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, a ó sì máa gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà tí ń bínú, nítorí pé òde kan wà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aṣọ ẹbí kò sì tíì jáde.

Ní irú ọjọ́ Àbámẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni mo wọ agbádá tuntun kan lọ sí ibi ìsoyìgì ọmọ ọ̀rẹ́ mi. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó rán an, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó ti fi dá mi lójú pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ọnà àyà rẹ̀, mo sì san owó iṣẹ́ ọwọ́. Kí n tó jókòó tán, ọmọdébìnrin kan tí ó wá kúnlẹ̀ kí mi rí fọ́nrán òwú kan tí ó yọ sóde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò agbádá náà. Ó ní, "Bàbá, òwú kan ń yọ láyà yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un kúrò." Ọmọ tí a kọ́ nílé ni. Ó fa òwú náà. Òwú kò já. Ńṣe ni ó ń tẹ̀ lé e. Kí a tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ìlàjì òbìrí ọnà tí ó wà láyà mi ti di òwú gbọọrọ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ojú tì í, omi sì lé ròrò sí i lójú. Mo sọ fún un pé kò ṣẹ̀ mí, pé ẹni tí ó ṣẹ̀ wá kò sí lórí ìjókòó.

Nígbà tí mo délé, mo yí inú agbádá náà síta. N kò rí kókó kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é kàn ti abẹ́rẹ́ bọ inú aṣọ, ó fi ìdí òwú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń gún un lọ. Ibi tí òwú tán sí, ó gé e, ó mú òmíràn. Ni mo bá ṣí àpótí, mo gbé agbádá ẹtù tí bàbá mi fi sílẹ̀ jáde, mo yí òun náà padà. Òwú kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀ ni ó ní kókó tirẹ̀, ó kéré bí ẹyin èèrà, ó sì fara pamọ́ sábẹ́ ọnà débi pé ìka ni ó kọ́kọ́ bá mi rí i kí ojú tó rí i. Aṣọ náà ti ju ogójì ọdún lọ. A ti fọ̀ ọ́, a ti sá a, a ti ká a, a ti tú u, a ti fi ṣe òkú, a ti fi ṣe ìyàwó. Ẹtù fúnra rẹ̀ ti ń ṣá létí, ṣùgbọ́n ọnà àyà rẹ̀ kò yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ti rí gan-an, kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ti òkèèrè pariwo. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í gé òwú gùn jù. Ìwọ̀n láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́, tí í ṣe nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45, ti tó. Òwú tí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa lọ́ mọ́ra, yóò sì ti gbó kí ó tó lò tán, nítorí gbogbo ìgbà tí ó bá gba inú aṣọ kọjá ni aṣọ ń ha á lára. Bí òwú bá ń yọ̀, a máa ń fi ìda oyin pa á. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá so kókó. Ọ̀nà kan tí ó dára ni kí a fi ìdí òwú lé ara abẹ́rẹ́, kí a wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí a fi ìka méjì di wíwé náà mú, kí a sì fa abẹ́rẹ́ jáde títí kókó yóò fi sọ̀kalẹ̀ dé ìdí òwú. Kókó tí a so báyìí kéré, ó le, kì í sì í tú bọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Kókó gbọ́dọ̀ tóbi ju àlàfo tí ó wà láàárín òwú aṣọ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bọ́ gba inú aṣọ kọjá. Gínnì fún pọ̀, nítorí náà kókó kékeré a máa dúró sí i. Aṣọ tí ìhun rẹ̀ bá ṣí díẹ̀ ń fẹ́ ju kókó lọ: lẹ́yìn tí kókó bá ti wọlé, a ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn, a ó gún ojú kéékèèké méjì sójú kan náà, níbi tí ọnà yóò ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe níbi tí òwú bá parí sí. Irú òwú pàápàá ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òwú tí a fi òwú oko ṣe ní irun lára, irun yìí a sì máa di ara rẹ̀ mú. Òwú olómi dídán tí wọ́n ń pè ní réyọ́ọ̀nù, àti ti pólíẹ́sítà, ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Kókó ẹyọ kan kò tó o. Ó sì jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé ìgbà tí òwú tí ń yọ̀ wá gba ìgboro kan gan-an ni a gbàgbé kókó síso.

Aṣọ tí à ń sọ yìí kì í ṣe aṣọ lásán. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, to àwọn ẹ̀wù ńlá ọkùnrin lẹ́sẹẹsẹ: ṣúlíyà, agbádá, gírìkè, dàńdógó. Ọnà ara irú ẹ̀wù báwọ̀nyí so wá pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò wa, àwọn Nupe àti àwọn Haúsá. Àwọn Haúsá ń pe ọnà ṣóńṣó tí ó gùn sílẹ̀ láyà ẹ̀wù ní aska, èyí tí í ṣe ọ̀bẹ, wọ́n sì ń ka iye ọ̀bẹ tí ó wà lára ẹ̀wù kan: ẹ̀wù ọlọ́bẹ méjì wà, ẹ̀wù ọlọ́bẹ mẹ́jọ sì wà. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é lọ́hùn-ún ni ó sì jẹ́ ọmọ kéwú, àwọn tí ó ti mọ́ lára láti jókòó sójú kan, kí wọ́n máa fi sùúrù tọ ìlà. Ẹ̀wù kan lè gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, àní ó lè gbà wọ́n ní oṣù. Òwú pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń rí he. Ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni sányán ti ń wá. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni òwú àlàárì ayé àtijọ́ gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí irú òwú bẹ́ẹ̀ rìn kò ní fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìso.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ dá àwọn tí ń bá mi jiyàn lóhùn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí.

Àwọn èkíní ni àwọn tí ń sọ pé kò sí ẹni tí ń wo ẹ̀yìn aṣọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó rán agbádá mi nígbà tí mo gbé e padà lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ta ni yóò yí agbádá lódì lóde?" Òótọ́ ni, kò sí ẹni tí yóò yí i lódì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń wo ìpìlẹ̀ ilé náà. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìrì kò sì ní kọ́kọ́ béèrè bóyá iwájú ilé náà dára. Bí ojú kò bá rí ẹ̀yìn aṣọ, omi alágbàfọ̀ rí i. Áyọ́ọ̀nù rí i, sítáàṣì rí i. Ìka ọmọdébìnrin tí ó fẹ́ ṣe dáadáa fún àgbà rí i. Ohun tí a kò rí ni ó di ohun tí a ń rí mú, ẹni tí ó bá sì ń ta èyí tí a ń rí nìkan ń ta ìdajì ọjà ní iye odindi. Orúkọ tí àwọn baba wa ń pe irú òwò bẹ́ẹ̀ kò lẹ́wà.

Àwọn èkejì jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ẹjọ́ tiwọn sì lágbára díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí iwájú rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ dójú àmì kì í so kókó rárá. Ilé ẹ̀kọ́ ni òfin yìí gbà wọlé sáàárín wa. Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì kó àwọn ọmọ jọ sí Kúdẹtì láti kọ́ wọn. Ní 1899 a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì kan náà, èyí tí ó wà lára gbòǹgbò St. Anne's tí ó wà ní Mọ́lété lónìí. Ní irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìlànà àwọn òyìnbó jẹ́ ara ohun tí a fi ń tọ́ ọmọbìnrin. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà lónìí láti inú àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì tún ń gbọ́ òfin kan náà: má so kókó, má so kókó.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ òfin, wọn kò gbọ́ ìdí òfin. Iṣẹ́ tí òfin náà wà fún ni iṣẹ́ tí a ó nà pẹrẹsẹ sórí pátákó, tí a ó fi dígí bò, tí a ó sì gbé kọ́ sára ògiri. Bí kókó bá wà lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò ru sókè níwájú bí eéwo. Iṣẹ́ ara ògiri kì í lọ sí odò, a kì í fi sítáàṣì sí i, kì í sì í jó níbi àríyá. Agbádá ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn òyìnbó fúnra wọn kì í fi ìdí òwú sílẹ̀ láìdè. Ní Royal School of Needlework tí a dá sílẹ̀ ní London ní 1872, akẹ́kọ̀ọ́ a máa so kókó sí ìdí òwú, a máa gún un wọlé láti ojú aṣọ, a máa fi ojú kéékèèké mélòó kan dè é níbi tí ọnà yóò bò, kí ó tó wá gé kókó náà kúrò. Kókó lọ, ìdè kù. Àwọn tí ń bá wa jiyàn rí gígé kókó, wọn kò rí ìdè tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ìdajì òfin, tí ó sì fi ń ṣàkóso, ó burú ju ẹni tí kò kọ́ òfin rárá.

Mo gbà pé àwọn ibì kan wà tí kókó kò yẹ. Léèsì tí ojú ń là kọjá yóò tú àṣírí rẹ̀. Inú fìlà tí kò ní aṣọ ìtẹ́nú yóò mú kí ó máa gún orí ẹni tí ó dé e. Níbẹ̀, kí a dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí a fi ìyẹn ṣe ìdè. N kò sọ kókó di òrìṣà. Ohun tí mo ń jà fún ni pé òwú kankan kò gbọdọ̀ wọ inú aṣọ láìní ohun tí ó dì í mú. Kókó ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù, tí ó sì dájú jù, fún aṣọ tí a ń wọ̀, tí a ń fọ̀, tí a sì ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Àwọn ẹ̀kẹta ní ọ̀rọ̀ náà ti tán, nítorí pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìgboro wa lónìí lè gún aṣọ ní ìgbà tí ó lé ní 600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ta ni yóò wá jókòó ti abẹ́rẹ́ ọwọ́ fún oṣù kan? Èsì mi ni pé kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣètò ọnà sínú ẹ̀rọ náà. Bí kò bá pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó gún ojú kéékèèké mélòó kan sójú kan náà kí ọnà tó bẹ̀rẹ̀, àti bí ó bá parí, ọnà náà yóò tú nígbà tí a bá fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí kò ní ọkàn, tí kò ní ojú, tí kò sì ní orúkọ tí yóò bàjẹ́, ń di ìdí òwú rẹ̀. Ènìyàn tí ó ní gbogbo rẹ̀ ni ó ń fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún yà sí ibòmíràn tí abẹ́rẹ́ àti òwú ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú wa. Láti 1957 tí a ti ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni a ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn níbẹ̀ bí a ti ń rán ojú egbò. Kókó síso wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí yóò di oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n sì ń kọ́ ọ pé bí òwú bá ṣe ń yọ̀ tó ni kí ó so ó ní ìgbà púpọ̀ tó: òwú náílọ́ọ̀nù ń fẹ́ kókó ju ti sílíìkì lọ. Kò sí aláìsàn tí ń yin dókítà nítorí kókó. Àpá tí ó bá kù lára ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n bí kókó bá tú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò sí ẹni tí ń wo ẹ̀yìn. Ohun tí a kò gbà fún ara wa, kí ni ó dé tí a fi gbà á fún aṣọ tí a fi ń bo ara náà?

Nísinsìnyí ni mo dé orí àwa fúnra wa. Ẹni tí ó bá mú gínnì láti Gbági wá sí Akóbọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tí ó sì fẹ́ gba agbádá ní ọjọ́ Ẹtì, tí ó tún fẹ́ kí ọnà rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ni ó rò pé télọ̀ yóò yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà? Kò lè yọ iwájú, nítorí iwájú ni oníbàárà yóò wò. Ẹ̀yìn ni yóò yọ. Òbìrí ọnà kan lè gba ogún òwú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń so òwú kọ̀ọ̀kan, tí a ń dá abẹ́rẹ́ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, àkókò tí ó ń lọ síbẹ̀ kò kéré. Àkókò yẹn ni a kì í san owó rẹ̀. A ń ná ojú ọnà ní ọjà, a kì í ná ìdí òwú. Lẹ́yìn náà, a ó wọ agbádá tí ń tú lọ sí ìpàdé àwọn tí ń jíròrò bí àṣà Yorùbá kò ṣe ní parun, a ó gba gbohùngbohùn, a ó sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Nígbà kan, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tuntun a máa ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, a máa so kókó, a máa ká ìṣẹ́tí, ọ̀gá a sì máa tú u, kí ó tún un ṣe, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ojú sọ fún un. Lónìí, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́kọ́ tẹ̀. Wọ́n ń gba òmìnira, wọ́n ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n bí o bá fún wọn ní abẹ́rẹ́ ọwọ́ kan, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ìjọba gbìyànjú díẹ̀. Ní 2011 ni a fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ètò ẹ̀kọ́ ilé ìwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì, aṣọ rírán sì wà lára wọn. Nígbà tí a dín wọn kù sí mẹ́fà ní 2025, aṣọ rírán tún wà nínú èyí tí ó kù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè fi pátákó ìkọ̀wé mọ kókó síso. Ìka ni a fi ń kọ́ ọ, ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ìka tirẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ sì ń darúgbó.

Ẹnì kan lè sọ pé Yorùbá kò fẹ́ràn kókó, pé bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, àgbà ni a ń pè láti tú u. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kókó tí ó ta fúnra rẹ̀ láàárín òwú yàtọ̀ sí kókó tí a fi ọwọ́ so sí ìdí rẹ̀. Èkíní ń wá nítorí ìwàǹwára, èkejì ń wá nítorí sùúrù; bí a bá sì wò ó dáadáa, ìwàǹwára tí kò jẹ́ kí a so èkejì ni ó ń bí èkíní. Kì í ṣe èèṣì ni a fi ń pe ohun tí ọ̀rọ̀ dúró lé ní kókó ọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe èèṣì ni a fi ń sọ pé a *so* yìgì. Àwọn tí ó fún wa ní èdè yìí mọ̀ pé ohun tí a kò so kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ, kí ẹ tó san owó iṣẹ́ ọwọ́, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síta, kí ẹ fi ìka tọ ìdí òwú. Bí ẹ bá bá kókó níbẹ̀, ẹ fi owó lé owó, ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó wà nítòsí gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan gba òmìnira lọ́wọ́ yín tí kò lè so kókó tí yóò la fífọ̀ mẹ́wàá já. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pe àwọn arúgbó oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó kù ní àdúgbò yín wá sí kíláàsì, ẹ fún wọn ní àga, ẹ sì san owó ọkọ̀ wọn. Kò sí èyí tí ó ju agbára wa lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní tèmi, mo gbé agbádá mi lọ fún bàbá kan tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí, ó tú gbogbo ọnà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà á ju oṣù kan lọ. Nígbà tí mo lọ gbà á, kò fi iwájú rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, ó ní kí n fi ọwọ́ kàn án.